Káàdì dọ́là tí Màámi gbé lọ Ùmúrà: bí a ṣe yàn án àti ohun tójú wa rí

Oṣù keje 2025 ni Màámi pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé àwọn ti sanwó fún ajẹ́ńtì, oṣù kẹsàn-án làwọn ń lọ Ùmúrà, ọjọ́ mẹ́rìnlá, Mẹdínà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó bọ́ sí Mẹ́kà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á sun alẹ́ méjì ní Jẹ́dà kí wọ́n tó wọ bàálù bọ̀ wálé. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tẹ̀lé e ló lé oorun lójú mi, wọ́n ní "ní ti owó, mo máa dè é mọ́ ìdí bíi tìgbà Háájì".

Ìgbà Háájì yẹn ti pẹ́. Àpò aṣọ kékeré kan ni wọ́n rán, gbogbo dọ́là wà nínú ẹ̀, abẹ́ ìró ló wà tọ̀sán tòru, wọ́n sì sọ fún wa nígbà tí wọ́n dé pé àwọn ò fọkàn balẹ̀ kírun kan ṣoṣo torí ọwọ́ àwọn kì í kúrò níbi àpò yẹn. Wọ́n ti di ẹni ọdún 68 báyìí, orúnkún ń dùn wọ́n, èrò tó wà níbi tí wọ́n ti ń yí Káábà po kì í ṣe kékeré. Mo ní Màámi, káàdì lẹ máa gbé lọ. Wọ́n ní káàdì wo? Ìbéèrè yẹn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa wà nípò tí mo wà nígbà yẹn.

Káàdì náírà la kọ́kọ́ wò torí òun ló wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tójú wa rí lórí káàdì náírà, ní 2022 ó ti já wálẹ̀ sí dọ́là 20 lóṣù ní ọ̀pọ̀ báńkì, nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí ọ̀pọ̀ wọn ti pa á pátápátá, kò ṣe é lò lókè òkun mọ́. Ó di 2025 kí àwọn báńkì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Báńkì Màámi ní tiwọn ti ń ṣiṣẹ́ o, pé iye kan wà téèyàn ò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín oṣù mẹ́ta, iye tí dọ́là bá sì jẹ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa fi yọ ọ́. Ìyẹn ò burú. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé akáùntì ọjà wọn gan-an ló wà lẹ́yìn káàdì yẹn. Gbági ni Màámi ti ń ta aṣọ, n'Ìbàdàn níbí, owó aṣọ àti owó àwọn oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀, inú akáùntì kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí ẹnì kan bá rí nọ́ńbà káàdì yẹn dà kọ ní Mẹ́kà, owó olówó ló máa bá a lọ.

A tún wo PTA, ìyẹn dọ́là tí báńkì ń tà fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Òfin gba ẹni tó ń rìnrìn àjò láyè láti ra tó dọ́là 4,000 ní báńkì láàárín oṣù mẹ́ta, láti oṣù kejì 2024 sì ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má san án ní kéèṣì mọ́, orí káàdì àti àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni kó máa gbà. Nígbà tí báńkì ń ta dọ́là ní nǹkan bíi 470, tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó ń tà á ju 700 lọ, PTA jẹ́ nǹkan téèyàn ń tìtorí ẹ̀ sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì. Àmọ́ láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ọ̀rọ̀ ti yí padà, nígbà tí àwa ń ṣe tiwa, ti báńkì àti ti Sábó ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra mọ́, méjèèjì ń yí ká 1,500 ni. Nítorí náà èrè PTA ò tó ti tẹ́lẹ̀, wàhálà ẹ̀ ò sì dín kù, Fọ́ọ̀mù A tí wọ́n fi ń béèrè dọ́là, pásípọ́ọ̀tù, tíkẹ́ẹ̀tì, fisà, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó dá èèyàn lóhùn. Fisà yìí ló sì há wa, ajẹ́ńtì ní ó di bíi ọ̀sẹ̀ kan sí ìrìn àjò kí ó tó jáde. Kí fisà jáde lọ́jọ́ Monday, kí báńkì ṣe PTA kó jáde kí wọ́n tó gbéra lọ́jọ́ Sunday? Mi ò lè fi ìyá mi ta tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston ló tú wa sílẹ̀. Ó fi dọ́là ránṣẹ́ sínú akáùntì dọ́ọ̀mù mi, ìyẹn akáùntì tó ń gba owó ilẹ̀ òkèèrè, 1,100 ló balẹ̀. Bí dọ́là ṣe ti wà nílẹ̀ báyìí, ó wá ku káàdì tí a máa gbé e lé. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká ṣe káàdì virtual, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà lásán, kíákíá lórí fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti parí. Mo ní ìyẹn dáa fún ẹni tó ń ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò ní ike, kò ṣe é tì bọ ATM, Màámi ò sì lè máa fi fóònù ṣàlàyé fún ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Mẹdínà.

Nígbà tí a yẹ gbogbo ẹ̀ wò, káàdì méjì ló ṣẹ́ kù. Ọ̀kan ni káàdì dọ́là tí wọ́n so mọ́ akáùntì dọ́ọ̀mù, èkejì ni prepaid tó dá dúró láàyè ara ẹ̀, iye téèyàn bá rọ sí i náà ló wà níbẹ̀. Alhaja ọ̀rẹ́ Màámi tí wọ́n jọ ń lọ ti ní àkọ́kọ́ lọ́wọ́, òun ló fi ń ra ọjà ní Dubai, ó sì ní kí Màámi gba irú ẹ̀ torí owó tí wọ́n ń yọ lórí ẹ̀ kéré. Òótọ́ ló sọ. Tí èèyàn bá ní iye tí wọ́n ń yọ nìkan lòun máa wò, tirẹ̀ ló dáa jù, màá fi bó ṣe jẹ́ hàn yín níwájú.

Mo lọ bá báńkì mẹ́ta. Gbogbo wọn ló fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ owó orí nǹkan sí, owó tí wọ́n ń gba káàdì, owó rírọ, owó ATM. Mo kà á. Àmọ́ ìbéèrè tí mo bá dé ibẹ̀ ò sí nínú ìwé yẹn. Mo ní: tí ìyá mi bá wà ní Jẹ́dà tí owó tán lórí káàdì yìí, ṣé èmi tí mo wà n'Ìbàdàn lè rọ òmíràn sí i láti orí fóònù mi, láago mẹ́wàá alẹ́ lọ́jọ́ Sunday? Báńkì àkọ́kọ́ ní rárá, ẹni tó ni káàdì ló gbọ́dọ̀ wá kọ fọ́ọ̀mù. Èkejì ní mo lè kọ fọ́ọ̀mù dípò wọn, àmọ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ó sì máa ń gbà tó wákàtí 24. Ẹ̀kẹta, níbi tí èmi náà ti ní akáùntì dọ́ọ̀mù, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí áàpù wọn, ó fi ibi tí wọ́n kọ prepaid sí hàn mí, ó ní "Sà, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì Mummy lẹ máa tẹ̀ síbí, ó ń wọlé lójú ẹsẹ̀". Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Báńkì yẹn gan-an ló wọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mọ̀, mo sì mú un.

Gbígba káàdì náà ní wàhálà tiẹ̀ torí orúkọ. Orúkọ tó wà lórí BVN Màámi, orúkọ bàbá wọn ló gbẹ̀yìn, èyí tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù, ti bàbá wa. A fi odidi ọ̀sẹ̀ kan tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá ń gbèrò ìrìn àjò, kó ti wo ìyẹn kó tó wo nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni PIN. Wọ́n ní ká yí PIN padà lórí ATM tiwọn nílé níbí, pé káàdì tí èèyàn ò bá ti yí PIN ẹ̀, ATM lè má dá a lóhùn lókè òkun. Mo mú Màámi lọ síbi ATM kan ní Ring Road, oòrùn ń pa wá, wọ́n tẹ PIN tuntun, ẹ̀rọ ní kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tẹ nǹkan mìíràn, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ló tó gbà. Mo ní kí wọ́n kà á fún ara wọn lọ́kàn lójoojúmọ́. A tún fi ra nǹkan dọ́là méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ká lè mọ̀ pé ẹ̀mí wà nínú ẹ̀, OTP, nọ́ńbà tí báńkì fi ń mọ̀ pé olówó ló ń ná an, wọlé sórí fóònù wọn, ibẹ̀ ni mo ti rántí pé tí a ò bá ṣí roaming sórí laìnì yẹn kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, OTP ò ní rí wọn lọ́hùn-ún. A ṣí i. Mo tún ní kí báńkì máa fi àlẹ́ẹ̀tì káàdì náà ránṣẹ́ sí email mi.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, mo rọ dọ́là 900 sí káàdì, mo fún wọn ní 200 lọ́wọ́ ní kéèṣì, owó kéékèèké. Kí ló dé tí mi ò kó gbogbo ẹ̀ sórí káàdì? Ìbátan wa kan tó wà ní London ló rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí Wirecard, ilé iṣẹ́ ìsanwó kan ní Jámánì, dojú dé, FCA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ní Britain, dá iṣẹ́ Wirecard tó wà ní Britain dúró lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ orí iṣẹ́ tiwọn ni oríṣiríṣi káàdì prepaid duro lé, orúkọ mìíràn ló sì wà lára ike. Ọjọ́ mélòó kan làwọn èèyàn ò fi rí owó ara wọn ná, ó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kí wọ́n tó ṣí i. Owó wọn ò sọnù o. Àmọ́ ẹni tí ebi ń pa nílẹ̀ àjèjì, ọjọ́ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ríyàlì báyìí torí ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Dọ́là ló wà lórí káàdì, ríyàlì ni wọ́n ń ná ní Sáúdí, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí Màámi bá ná an, ẹnì kan máa ṣẹ́ owó yẹn láàárín. Mélòó ni onítọ̀hún ń jẹ? Lọ́pọ̀ ìlú kò rọrùn láti mọ̀ torí owó ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Àmọ́ Sáúdí ti so owó wọn mọ́ dọ́là láti 1986, dọ́là 1 jẹ́ ríyàlì 3.75, kò tíì yí. Nítorí náà ríyàlì 75 gbọ́dọ̀ jẹ́ dọ́là 20. Ohunkóhun tó bá lé lórí 20 yẹn, ẹnì kan ló jẹ ẹ́. Dubai náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti so dírámù mọ́ 3.6725 láti 1997. Ẹni tó ń lọ London ni kó ronú káàdì pọ́n-ùn, àwọn báńkì kan nílé níbí ní in, torí kò sí ìdí tí á fi gbé dọ́là lọ síbi tí wọn ò ti ná an.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé Mẹdínà ni àlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé sí email mi: dọ́là 21.49. Mo pè wọ́n lórí WhatsApp, mo ní Màámi, kí lẹ rà? Wọ́n ní ìrẹsì àti adìẹ ni, èmi àti Alhaja, ríyàlì 75. Mo ní kí wọ́n ya rísíìtì ránṣẹ́. Wọ́n yà á, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ìka wọn bo apá kan, àmọ́ nísàlẹ̀ mo rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n kọ USD 21.49 sí. Ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹ̀rọ POS yẹn ti rí i pé dọ́là ló wà nínú káàdì, ó bi wọ́n pé ṣé ríyàlì ni kí òun gbà tàbí dọ́là, ọmọ tó ń gba owó bá Màámi tẹ dọ́là, bóyá ó rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Tí èèyàn bá ti tẹ dọ́là, àwọn tó ni ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣẹ́ owó fún un, iye tó wù wọ́n ni wọ́n á sì fi ṣẹ́ ẹ. Ti ọjọ́ yẹn bọ́ sí ríyàlì 3.49 fún dọ́là 1, dípò 3.75.

Mo ní Màámi, lọ́la ẹ padà lọ síbẹ̀, ẹ ra oúnjẹ kan náà, tí ẹ bá ti na káàdì sí wọn kẹ́ ẹ wí pé "riyal, riyal". Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì dé: 20.60. Oúnjẹ kan náà, ilé oúnjẹ kan náà, káàdì kan náà. Níbẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ dájú pé báńkì wa ń yọ 3% lórí ṣíṣẹ́ owó, nǹkan tí ìwé tí wọ́n fún mi kọ lọ́nà tí kò yé èèyàn. Alhaja náà fi tirẹ̀ ra nǹkan ríyàlì 75 lọ́jọ́ yẹn, 20.30 ni wọ́n yọ. Ẹ rí i pé káàdì tirẹ̀ fi sẹ́ǹtì 30 dáa ju tiwa lọ lórí dọ́là 20. Lórí nǹkan ńlá ló ti máa ń hàn: nígbà tí Màámi ra hìjáàbù tí wọ́n fẹ́ fi tọrẹ fún àwọn ará ọjà, ríyàlì 600, wọ́n yọ 164.80, ká ní ọmọ ìsọ̀ yẹn tẹ dọ́là ni, á sún mọ́ 172.

ATM, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó, ní Mẹ́kà. Báńkì ń gba dọ́là 3 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí 3% yẹn, nítorí náà mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má máa yọ ọ́ ní 100, 100. Wọ́n yọ ríyàlì 1,000 pa pọ̀, 277.67 ló lọ. PIN wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pè mí, ohùn wọn ń dùn, wọ́n ní "mo rántí ẹ̀ o!" Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé Mẹ́kà ni ti Alhaja ṣẹlẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì dọ́là 38 wọlé láàárọ̀ kùtù, kò ra nǹkan kan. Ó pe báńkì rẹ̀, wọ́n tì káàdì náà pa lójú ẹsẹ̀, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn torí owó ọjà rẹ̀ bíi dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà nínú akáùntì dọ́ọ̀mù tí wọ́n so káàdì mọ́. Owó yẹn ò lọ. Àmọ́ káàdì tuntun, Nàìjíríà nìkan ló ti lè gbà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ṣì kù, dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ń bẹ nílé, olówó ò rí ríyàlì mẹ́wàá ná. Màámi ló ń gbé oúnjẹ àwọn méjèèjì, wọ́n tún fi káàdì wa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, ríyàlì 150. Ká ní prepaid wa ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwa náà ì bá tì í pa, àmọ́ ìwọ̀nba tó wà lórí ẹ̀ ni à bá máa bẹ̀rù fún, dọ́là 200 kéèṣì yẹn á sì gbé wọn díẹ̀. Alhaja ti san owó yẹn padà lọ́jọ́ tí wọ́n dé, kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Jẹ́dà ló wá kù. Hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì, ríyàlì 560, wọ́n yọ 153.81. Àmọ́ ẹni tó ń gba àlejò tún na ẹ̀rọ sí wọn lẹ́ẹ̀kejì, ríyàlì 400, ó ní owó ìdógò ni, pé tí wọn ò bá ba nǹkan jẹ́ nínú yàrá wọ́n máa tú u sílẹ̀. Wọn ò mú owó yẹn lọ o, wọ́n kàn tì í mọ́lẹ̀ lórí káàdì ni, 109.87. Èèyàn tó bá ní káàdì àwìn ò ní mọ ìyẹn lára, àmọ́ lórí prepaid owó gidi téèyàn fẹ́ ná ni wọ́n tì yẹn. Èmi ni mi ò rántí sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fi kéèṣì sílẹ̀ de irú ẹ̀.

Owó tí wọ́n tì mọ́lẹ̀ yẹn kó wa sí wàhálà lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Aago méjìlá òru kọjá díẹ̀ ní Jẹ́dà, mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, mo ti fẹ́ sùn, ìpè wọlé. Ẹrù wọn wúwo ju iye tí bàálù gbà, hìjáàbù àti dàbínù ni púpọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n san ríyàlì 450. Káàdì kọ̀ ọ́. Mo ṣírò ẹ̀ sórí ẹ̀yìn ìwé kan: 110.56 ló ṣẹ́ kù, 123.60 ni wọ́n fẹ́ yọ. Kéèṣì ti tán ní Mẹ́kà, wọ́n ti fi ṣe sàráà. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin tó wà ní káńtà lẹ́yìn wọn, tí ń bi wọ́n bóyá kí òun pe ẹni tó tẹ̀lé wọn. Mo ní Màámi, ẹ má kúrò lórí ìlà, ẹ sọ fún un pé ìṣẹ́jú méjì. Mo ṣí áàpù, mo tẹ nọ́ńbà tí mo ti kọ sínú fóònù láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rọ dọ́là 50 sí i láti inú akáùntì mi. Mo ní "ẹ ní kó tún un ṣe". Mo gbọ́ kọ̀rọ̀rọ̀ tí ìwé rísíìtì ń jáde. Màámi ní "Àlùhámúdùlílà", wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ Sunday ni. Ká ní báńkì kejì yẹn la wà, tó ní wákàtí 24 lọ́jọ́ iṣẹ́, ọjọ́ Tuesday lowó ì bá tó dé.

Dọ́là 36.96 ló wà lórí káàdì nígbà tí wọ́n balẹ̀ sí Èkó. Owó hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ò tíì padà, mo pe báńkì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n ní sùúrù, ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n dé ló bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó pé, 109.87, gbogbo ẹ̀ di 146.83. Mo bi Màámi bóyá kí n yọ ọ́ padà sí dọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀, pé Alhaja ti ń sọ̀rọ̀ Ùmúrà ọdún tó ń bọ̀, ó sì ti ní kí n wá mú òun lọ bá ọmọbìnrin káńtà yẹn.